Àdó olóró núkílíà inú àpótí: ṣé ọwọ́ agbésùnmọ̀mí lè tẹ̀ ẹ́?

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà ọdún 2025 ni Ísírẹ́lì bẹ̀rẹ̀ sí í kọlu àwọn ibùdó núkílíà Ìráànì. Nígbà tó di ọjọ́ 22, Amẹ́ríkà náà da àdó olóró bo Fordow, Natanz àti Isfahan. Eruku ò tíì rọlẹ̀ tí ìbéèrè kan fi gbòde: yùréníọ̀mù tó lé ní 440 kìló tí Ìráànì ti sẹ́ (ìyẹn ni pé wọ́n ti mú kí U-235, apá tó wúlò fún àdó olóró nínú rẹ̀, pọ̀ sí i) dé ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún, níbo ló wà? Ìròyìn sọ pé inú àwọn sílíńdà tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju èyí tí àwọn òmùwẹ̀ ń pọ̀n sẹ́yìn ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, débi pé búùtù ọkọ̀ mélòó kan lè kó gbogbo rẹ̀ tán.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti lọ́ pọ̀. Yùréníọ̀mù tó lè wọ búùtù di àdó olóró tó lè wọ báàgì lẹ́nu àwọn tó ń pín ìròyìn náà kiri. Ìtàn kan tó ti wà nílẹ̀ láti ọdún 1997 sì tún jí dìde: pé àwọn àdó olóró kéékèèké tí Soviet Union ṣe ti pòórá, pé àwọn agbésùnmọ̀mí ti rà wọ́n pa mọ́.

Nǹkan mẹ́ta tí kò jọra ni wọ́n ń dà pọ̀. Ọ̀kan ni àdó olóró kékeré tí ìjọba alágbára ṣe, tí wọ́n sì ti dán wò. Òmíràn ni èròjà tí wọ́n fi ń ṣe àdó olóró, tí kò tíì di àdó olóró. Ẹ̀kẹta ni èròjà olóró inú ẹ̀rọ ilé ìwòsàn àti ilé iṣẹ́, tí kò lè bú bíi ti núkílíà láéláé, ohun yòówù tí wọ́n bá fi ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ewu náà ṣe tó gbọ́dọ̀ bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìbéèrè tirẹ̀.

Ta ló sọ pé àwọn àdó olóró inú àpótí ti sọnù?

Alexander Lebed ni. Ọ̀gágun Rọ́ṣíà ni, ó sì ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ ààbò orílẹ̀-èdè náà láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹwàá ọdún 1996, kí Ààrẹ Boris Yeltsin tó yọ ọ́ nípò. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1997, àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà kan lọ sí Moscow, Curt Weldon ló ṣáájú wọn. Lebed sọ fún wọn pé nígbà tí òun wà nípò, òun ní kí wọ́n lọ ka àwọn àdó olóró kékeré tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ abẹ́lẹ̀. Ó ní 132 ni wọ́n ṣe, 48 péré ni wọ́n rí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, lórí ètò tẹlifíṣọ̀n 60 Minutes ti CBS, iye náà ti yí padà: ó ti di èyí tó ju 100 lọ nínú 250. Ó ní wọ́n jọ àpótí ìfàlọ́wọ́, agbára wọn tó kìlótọ́ọ̀nù kan (ìyẹn agbára ẹgbẹ̀rún kan tọ́ọ̀nù TNT, èròjà abúgbàmù lásán), ẹnì kan ṣoṣo sì lè tan wọ́n.

Ìjọba Rọ́ṣíà kọ̀ jálẹ̀. Viktor Chernomyrdin tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà ní ìsọkúsọ gbáà ni. Ọ̀gágun Igor Valynkin, tó ń darí ẹ̀ka iléeṣẹ́ ológun tó ń ṣọ́ àwọn àdó olóró núkílíà Rọ́ṣíà, sọ̀rọ̀ tó ní làákàyè jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó ní irú rẹ̀ lè ṣeé ṣe lóòótọ́, àmọ́ owó tó máa gbé mì pọ̀ jù, ẹ̀mí rẹ̀ kò sì gùn, torí wọ́n á máa pààrọ̀ èròjà inú rẹ̀ ṣáá ni. Ní òdìkejì, Alexei Yablokov, onímọ̀ nípa àyíká tó ti ṣe olùdámọ̀ràn fún Yeltsin, gbè sẹ́yìn Lebed. Àlàyé tirẹ̀ ni pé KGB, iléeṣẹ́ amí Soviet Union, ni wọ́n ṣe àwọn àdó náà fún láàárín ọdún 1970 sí 1979, pé ìdí nìyẹn tí wọn ò fi sí nínú ìwé iléeṣẹ́ ológun.

Lebed kú nínú ìjàǹbá hẹlikópítà ní oṣù Kẹrin ọdún 2002. Kò fi ìwé kankan sílẹ̀ tó gbè é lẹ́sẹ̀, kò sì mú ẹlẹ́rìí wá tó fojú ara rẹ̀ rí àpótí kan. Àwọn tí kò gbà á gbọ́ tọ́ka sí òṣèlú, torí ọkùnrin tó ń wá ipò ni: ọdún 1998 ló di gómìnà Krasnoyarsk. Àwọn tó gbà á gbọ́ ní kò sí èrè kankan fún un níbẹ̀.

Nítòsí ìgbà náà ni ẹnì kan tó sá kúrò ní iléeṣẹ́ amí ológun Rọ́ṣíà, Stanislav Lunev, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ri irú àdó bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ohun kan tí wọ́n hú jáde ní tòótọ́ wà ní Switzerland ní ọdún 1998, nínú igbó kan tí ìwé àṣírí KGB júwe. Àwọn aláṣẹ ò jẹ́ fọwọ́ kàn án, omi tí agbára rẹ̀ le ni wọ́n fi yìn ín láti òkèèrè, ó sì bú. Ẹ̀rọ rédíò àwọn amí ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú àdó olóró lásán tí wọ́n dẹ dé ẹni tó bá fẹ́ gbé e. Kò sí núkílíà kankan níbẹ̀.

Ṣé ẹnikẹ́ni ti ṣe àdó olóró tí ẹnì kan lè gbé rí?

Bẹ́ẹ̀ ni, Amẹ́ríkà sì ni ẹ̀rí rẹ̀ pọ̀ sí jù. Èyí tó kéré jù tí wọ́n kó fún ọmọ ogun ni W54. Wọ́n fi sórí ohun ìjà kan tí wọ́n pè ní Davy Crockett, tó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun láti ọdún 1961 sí 1971. Ìwọ̀n W54 yìí jẹ́ nǹkan bíi kìló 23, agbára rẹ̀ sì tó ti èròjà TNT tọ́ọ̀nù 10 sí 20. Ní ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 1962, wọ́n yìn ín ní aṣálẹ̀ Nevada, Robert Kennedy tó jẹ́ agbẹjọ́rò àgbà Amẹ́ríkà sì wà níbẹ̀ tó ń wò ó.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni SADM, èyí tí wọ́n dìídì ṣe kí ọmọ ogun lè pọ̀n ọ́n sẹ́yìn. Ọdún 1964 ló dé ọwọ́ àwọn ọmọ ogun, wọ́n sì kó o kúrò nílẹ̀ ní 1989. Tòun ti ohun tí wọ́n kó o sí, ó wọ̀n tó kìló 68. Agbára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 10, ó sì lè dé kìlótọ́ọ̀nù kan. Páráṣúùtì ni wọ́n fi ń já wálẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n sì ń fi luwẹ̀ẹ́ lábẹ́ omi. Afárá, ìsédò àti ihò abẹ́ òkè ni wọ́n fẹ́ fi wó bí àwọn ọmọ ogun Soviet bá ya wọ Yúróòpù. Ẹni tó bá ti gbé àpò sìmẹ́ńtì kan rí, kó fi ìwọ̀n àpò náà ṣèdá, kó tún fi díẹ̀ kún un: bó ṣe rí lẹ́yìn ọmọ ogun náà nìyẹn. Àpótí pẹlẹbẹ tí ọkùnrin oníkóòtù ń fi ọwọ́ kan mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ nínú fíìmù kò tíì sí ẹni tó fi irú rẹ̀ hàn.

Soviet Union náà ṣe àwọn kéékèèké. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 1991, Mikhail Gorbachev kéde pé wọ́n máa ba àwọn ọta ìbọn ńlá àti àwọn àdó abẹ́lẹ̀ tó jẹ́ núkílíà jẹ́. Ẹni tí kò ní wọn kò ní kéde bẹ́ẹ̀. Torí náà, kò sí ẹni tó ń jiyàn pé wọ́n ní àdó kékeré. Àríyànjiyàn wà lórí bóyá wọ́n ṣe èyí tó wọ inú àpótí, àti bóyá ìkankan nínú wọn bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ní ti agbára, àdó tí Amẹ́ríkà jù sí Hiroshima ní Jàpáàní jẹ́ kìlótọ́ọ̀nù 15. Èyí tí Lebed ń sọ jẹ́ kìlótọ́ọ̀nù kan. Ajílẹ̀ ammonium nitrate tọ́ọ̀nù 2,750 tó bú ní èbúté Beirut ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020 pa ènìyàn tó lé ní 200, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì díwọ̀n rẹ̀ sí àárín ìdajì kìlótọ́ọ̀nù sí kìlótọ́ọ̀nù kan. Fi ooru tó ń jó ara, ìtànṣán olóró tó ń pa ènìyàn láàárín ọjọ́ mélòó kan, àti eruku olóró tí afẹ́fẹ́ ń gbé lọ kún ti Beirut. Ohun tí wọ́n ń pè ní kékeré nìyẹn.

Bí ọ̀kan bá tilẹ̀ ti sọnù láti ọdún 1991, ṣé ó ṣì lè bú?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kí ìròyìn máa kọ́kọ́ béèrè, òun ni wọn kì í béèrè. Àdó olóró núkílíà kì í ṣe àdá tí ènìyàn lè ri mọ́lẹ̀ kó sì hú u lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún kó ṣì mú. Ohun èlò tó ń gbó ni, apá kọ̀ọ̀kan rẹ̀ sì ní bó ṣe ń gbó.

Bátìrì ló kọ́kọ́ ń kú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn wáyà àti ohun abánáṣiṣẹ́, tí ọ̀rinrin ń jẹ tí ìtànṣán inú àdó náà fúnra rẹ̀ sì ń bà jẹ́. Èròjà abúgbàmù lásán wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, òun ló ń ti èròjà núkílíà wọnú ara rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ láìfi ìṣẹ́jú àáyá kan ṣòfò, kó sì ṣe déédéé ní ibi gbogbo. Bí ooru àti òtútù bá ti ń pààrọ̀ lára rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó lè sán, ó sì lè yí padà. Bó bá bú nígbà náà, ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé á fọ́n èròjà olóró káàkiri láìsí ìbúgbàmù núkílíà tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é.

Àwọn àdó olóró kan tún ń lo gáàsì tírítíọ̀mù kí agbára wọn lè pọ̀ nígbà tí ara wọn kéré. Tírítíọ̀mù ò dúró. Láàárín ọdún 12 àti oṣù díẹ̀, ìdajì rẹ̀ á ti yí padà di híílíọ̀mù, èyí tó tún ń dènà iṣẹ́ tó yẹ kí ìyókù ṣe. Èyí tí wọ́n rọ sínú rẹ̀ ní ọdún 1991, ohun tó kù nínú rẹ̀ ní 2025 lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú méje. Ìdí nìyẹn tí àwọn orílẹ̀-èdè tó ní irú àdó bẹ́ẹ̀ fi ń rọ gáàsì tuntun sí i látìgbàdégbà, tí wọ́n sì ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ jọ kìkì láti rí i pé ohun tó wà nílẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí tó bá ra àpótí kan ní 1995 kò ní ẹnikẹ́ni tó máa tún un ṣe fún wọn.

Àgádágodo náà wà ńbẹ̀. Nọ́ńbà àṣírí ni wọ́n fi ti SADM pa. Lára àwọn àdó tó jẹ́ tuntun sí i, ẹ̀rọ ìtìpa náà wọnú iṣẹ́ àdó náà débi pé ẹni tó bá ń fi nọ́ńbà dánra wò á sọ ọ́ di aláìwúlò.

Síbẹ̀, ohun kan wà nínú rẹ̀ tí kì í gbó lójú ayé wa. Kí ìdajì plùtóníọ̀mù tó ṣá, ó tó ọdún 24,000. Ti yùréníọ̀mù U-235 tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún méje mílíọ̀nù ọdún. Nítorí náà, àdó tó ti kú kò tíì di páńtí. Èròjà ni, ìṣòro èròjà sì tóbi ju ti àpótí lọ.

Ṣé agbésùnmọ̀mí ò lè ṣe tiwọn?

Àwọn ènìyàn máa ń rò pé bí nǹkan bá kéré, ó rọrùn láti ṣe. Lágbo yìí, òdìkejì ni. Àdó méjèèjì tí Amẹ́ríkà jù sí Jàpáàní ní 1945 wọ̀n ju tọ́ọ̀nù mẹ́rin lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan nínú ọpọlọ tó pé jù láyé ló ṣe wọ́n, owó ìjọba ò sì wọ́n wọn. Láti ibẹ̀ kí wọ́n tó dé orí W54 oníkìló 23, ó gbà wọ́n ní nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti àdánwò tó ju ọgọ́rùn-ún lọ, tí wọ́n ń yìn ní aṣálẹ̀ àti lórí erékùṣù òkun Pàsífíìkì. Bí wọ́n bá dín ìwọ̀n kù, àṣìṣe tí iṣẹ́ náà lè fara dà á dín kù pẹ̀lú rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ń sá pamọ́ kò ní aṣálẹ̀ tó máa fi dán nǹkan wò.

Àwọn onímọ̀ tó ka ọ̀ràn yìí sí ewu gidi mọ èyí dáadáa, wọn ò sì fi àpótí ṣe àpẹẹrẹ wọn. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni kí ẹgbẹ́ kan rí yùréníọ̀mù tó ti dé ìwọ̀n ohun ìjà, tó sì pọ̀ tó, kí wọ́n fi ṣe ohun gánkú-gànkù kan tó máa jókòó sínú ọkọ̀ akẹ́rù tàbí ọkọ̀ ojú omi. Èyí náà ò rọrùn. Ó ń fẹ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ irin, ẹni tó mọ kẹ́míkà, ẹni tó mọ iná mànàmáná àti ẹni tó mọ èròjà abúgbàmù, kí wọ́n jọ wà níbì kan fún oṣù púpọ̀ láìsí ẹni tó tú wọn fó.

Ẹgbẹ́ Aum Shinrikyo ti Jàpáàní gbìyànjú. Owó wọn pọ̀, àwọn tó kàwé sáyẹ́ǹsì ní yunifásítì pọ̀ láàárín wọn, wọ́n sì ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọlẹ́yìn ní Rọ́ṣíà. Ní 1993 wọ́n ra ilẹ̀ ẹran ọ̀sìn kan tó ń jẹ́ Banjawarn ní ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà, wọ́n sì ń wá yùréníọ̀mù níbẹ̀. Ìsapá náà ò já sí nǹkan kan. Gáàsì sarin ni wọ́n padà fi kọlu ọkọ̀ ojú irin Tokyo ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 1995, kódà sarin yẹn ò dára tó bí wọ́n ṣe fẹ́.

Al-Qaeda náà fẹ́ ẹ. Jamal al-Fadl, tó ti wà nínú ẹgbẹ́ náà, jẹ́rìí nílé ẹjọ́ ní New York ní 2001 pé wọ́n rán òun lọ ra yùréníọ̀mù ní Sùdáànì ní nǹkan bíi 1993 sí 1994, pé mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ dọ́là ni wọ́n dá lé e. Ní oṣù Kọkànlá 2001, Osama bin Laden sọ fún akọ̀ròyìn Hamid Mir pé ohun ìjà núkílíà wà lọ́wọ́ òun. Lẹ́yìn tí wọ́n lé àwọn Taliban lọ, àwọn ọmọ ogun tú ilé àti ibùdó ẹgbẹ́ náà ní Afghanistan. Ìwé àti àwòrán ni wọ́n rí. Wọn ò rí àdó olóró núkílíà. Láti inú ìtàn méjèèjì yìí, àwọn tó ka ewu náà sí ńlá àti àwọn tí kò kà á sí ló jọ máa ń fa ẹ̀rí yọ: ìfẹ́ sí i wà, agbára ò sí.

Ṣé wọ́n ń jí èròjà náà?

Wọ́n ti jí i rí, èyí ni kò sì jẹ́ kí ọkàn àwọn onímọ̀ balẹ̀. Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ kò jọ ti fíìmù rárá. Ní ọdún 1992, ẹnjiníà kan ní ilé iṣẹ́ Luch ní ìlú Podolsk, nítòsí Moscow, bẹ̀rẹ̀ sí í bu yùréníọ̀mù tí wọ́n ti sẹ́ dé ìdá 90. Ó mọ̀ pé òfin ilé iṣẹ́ gbà pé ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lè ṣòfò lẹ́nu iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń ṣòfò ní gidi kò tó bẹ́ẹ̀. Àlàfo àárín méjèèjì ló ń bù. Láti oṣù Karùn-ún títí di oṣù Kẹsàn-án, díẹ̀díẹ̀ nínú ìgò kékeré, ó kó nǹkan bíi kìló kan àtààbọ̀ jáde, ó sì ń gbé e sí bálíkónì ilé rẹ̀. Ìwé ìṣirò ilé iṣẹ́ ò fi ohunkóhun hàn. Ibi tí ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́ ni ibùdókọ̀ ojú irin, torí ó wà pẹ̀lú àwọn ojúlùmọ̀ tí ọlọ́pàá ń wá nítorí bátìrì tí wọ́n jí.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1994, ọlọ́pàá Prague gba kìló 2.7 tó jẹ́ yùréníọ̀mù ìdá 87.7. Ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, wọ́n mú plùtóníọ̀mù gíráàmù 363 ní pápákọ̀ òfuurufú Munich, nínú ọkọ̀ tó ti Moscow dé. Ní Georgia ní 2006 àti 2010, àwọn onífàyàwọ́ tún gbé yùréníọ̀mù tí iye rẹ̀ jẹ́ gíráàmù bíi mélòó kan wá fún ọlọ́pàá tó para dà bí oníbàárà. Àkọsílẹ̀ IAEA, àjọ àgbáyé tó ń mójú tó agbára átọ́ọ̀mù, ti lé ní 4,000 ìṣẹ̀lẹ̀ láti 1993. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ èròjà ilé iṣẹ́ tó sọnù tàbí tí wọ́n dà nù, kò kan ohun ìjà.

IAEA máa ń fi kìló 25 U-235 nínú yùréníọ̀mù tí wọ́n ti sẹ́ gidigidi, tàbí kìló 8 plùtóníọ̀mù, ṣe òṣùwọ̀n ohun tí kò gbọ́dọ̀ sọnù láìmọ̀. Kò tíì sí èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ onífàyàwọ́ tó súnmọ́ ọn. Apá kejì ọ̀rọ̀ náà ni pé nínú ọ̀pọ̀ jù lọ lára wọn, ilé iṣẹ́ tí èròjà náà ti jáde kò mọ̀ pé ó ti jáde kí ọlọ́pàá tó mú un.

Ti Ìráànì wá ńkọ́?

Sílíńdà yùréníọ̀mù kì í ṣe àdó olóró. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní UF6. Bí sílíńdà bá là tí kẹ́míkà náà kan ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, á di ásíìdì tó ń jẹ ẹran ara, ẹni tó jí i ló sì máa kọ́kọ́ pa lára. Kó tó di ohun ìjà, wọ́n ní láti tún un sẹ́ sí i, kí wọ́n sọ ọ́ di irin, kí wọ́n sì gé irin náà bó ṣe yẹ. Iṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá ni gbogbo èyí, ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ di irin ní Isfahan sì wà lára àwọn tí wọ́n kọlu.

Àmọ́ èyí tó ti dé ìdá 60 ti rìn jìnnà, torí pé èyí tó pọ̀ jù nínú làálàá sísẹ́ náà wà níbẹ̀rẹ̀. IAEA ka kìló 42 rẹ̀ sí ohun tó lè tó fún àdó kan bí wọ́n bá sẹ́ ẹ síwájú. Ìjọba Ìráànì ni ìbéèrè náà kàn jù. Ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí tó bá gbé sílíńdà kan sá lọ kò tíì ní nǹkan kan lọ́wọ́ ju májèlé lọ.

Ṣé dirty bomb kọ́ ló yẹ ká máa bẹ̀rù?

Dirty bomb jẹ́ èròjà abúgbàmù lásán tí wọ́n fi ń fọ́n èròjà olóró káàkiri. Kò sí ìbúgbàmù núkílíà nínú rẹ̀. Ó rọrùn ju ti núkílíà lọ fíìfíì, torí irú èròjà bẹ́ẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ ìtọ́jú jẹjẹrẹ àti ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ kárí ayé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1995, Shamil Basayev, aṣáájú àwọn ajìjàgbara Chechnya, ní kí àwọn akọ̀ròyìn tẹlifíṣọ̀n lọ wo ọgbà Izmailovsky ní Moscow. Wọ́n bá èròjà cesium-137 níbẹ̀. Wọn ò yìn ín. Bó ṣe dé ibẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀ ti tó láti jẹ́ iṣẹ́ tó fẹ́ kó jẹ́.

Ohun tí irú èròjà yẹn lè ṣe hàn ní Goiânia, ní Bùràsíìlì, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1987, láìsí agbésùnmọ̀mí kankan níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjì tú ẹ̀rọ ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí wọ́n pa tì sínú ilé ìwòsàn àtijọ́ kan, wọ́n sì tà á fún ẹni tó ń ra àlòkù irin. Ìyẹ̀fun inú rẹ̀ ń tàn búlúù lóru. Wọ́n pín in fún ẹbí àti ọ̀rẹ́, àwọn kan fi pa ara. Mẹ́rin kú, èròjà náà lẹ̀ mọ́ ènìyàn 249, pápá ìṣeré sì ni wọ́n ti yẹ ènìyàn tó lé ní 112,000 wò. Wọ́n wó ilé, wọ́n sì kó ilẹ̀ ibẹ̀ dà nù.

Bí wọ́n bá yin dirty bomb, àwọn tí ìbúgbàmù náà fúnra rẹ̀ máa pa ló ṣeé ṣe kó pọ̀ jù. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìpayà, òwò tó dúró àti owó ìfọ̀mọ́. Ó sì wúlò fún ìkéde ogun: ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá 2022, Sergei Shoigu, tó jẹ́ mínísítà ààbò Rọ́ṣíà nígbà náà, pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí fóònù pé Ukraine ń ṣe irú rẹ̀. IAEA lọ sí ibi mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ náà kàn, wọ́n sì kéde ní ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá pé àwọn ò rí àmì kankan.

Ṣé ẹ̀rọ ibodè ò ní mú un?

Ó sinmi lórí ohun tí wọ́n gbé. Cesium àti cobalt ń pariwo, ẹ̀rọ ń tètè gbọ́ wọn. Plùtóníọ̀mù náà kì í pamọ́ dáadáa. Ìtànṣán yùréníọ̀mù ló jẹ́ aláìlágbára, òun ló sì le jù láti mú. Ẹ̀rọ kan náà sì máa ń ké nítorí táìlì àti nítorí aláìsàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìtọ́jú olóró, nítorí náà òṣìṣẹ́ ibodè ní láti mọ èyí tó yẹ kó dá dúró. Gbogbo èyí tí wọ́n ti mú tó ṣe pàtàkì, olófòófó àti ọlọ́pàá aláṣọ àdánì ló pọ̀ jù nínú ohun tó mú wọn.

Kí ló dé tí àwọn onímọ̀ ò fi fẹnu kò?

Graham Allison ti Harvard sọ ní 2004 pé bí nǹkan bá ń lọ bó ṣe ń lọ, ó ṣeé ṣe jù pé kí agbésùnmọ̀mí fi núkílíà kọlu Amẹ́ríkà láàárín ọdún mẹ́wàá. Ọdún mẹ́wàá náà pé, kò ṣẹlẹ̀. John Mueller ti Ohio State mú òdìkejì: ó to gbogbo ìdènà tí ẹgbẹ́ kan ní láti kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí olè jíjà dé orí gbígbé e wọ̀lú, ó sì ní bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ pé ìdajì àǹfààní ló wà níbi ìdènà kọ̀ọ̀kan, ohun tó máa kù lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ kò tó nǹkan. Àwọn tó wà ní àárín, bíi Matthew Bunn, dáhùn pé ẹgbẹ́ tó gbọ́n kì í já lu ìdènà lásán, ó máa ń wá èyí tó ti là. Wọ́n ní ewu tó kéré ṣì tọ́ sí owó bí ohun tó máa bà jẹ́ bá jẹ́ ìlú odidi.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà lórí bóyá ìjọba kan lè dìídì fún agbésùnmọ̀mí. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní kò dájú: èròjà náà máa ń ní àmì ibi tó ti wá, wọ́n sì lè tọpa rẹ̀ lẹ́yìn ìbúgbàmù. Ìjọba tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti fa ìparun sórí ara rẹ̀.

Lórí àpótí Lebed, àwọn ìhà wọ̀nyí ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra wọn. Iye tí wọ́n máa ná lórí ìṣọ́ ni wọ́n ń jà lé, nítorí pé èròjà ṣì ń ṣí sílẹ̀ níbi tí kò yẹ. Ní oṣù Kọkànlá 2007, àwọn adìhámọ́ra já wọ ibùdó núkílíà Pelindaba ní Gúúsù Áfíríkà, níbi tí yùréníọ̀mù ohun ìjà wà. Ní oṣù Keje 2012, àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ àlàáfíà mẹ́ta, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ẹni ọdún 82, gé wáyà ọgbà Y-12 ní Tennessee, wọ́n sì dé ara ògiri ilé tí Amẹ́ríkà ń kó yùréníọ̀mù rẹ̀ sí.

Ní òdìkejì, iṣẹ́ ìkómọ́ ti ṣe bẹbẹ. Ní 1994 Amẹ́ríkà kó nǹkan bí 600 kìló yùréníọ̀mù kúrò ní Kazakhstan. Ní 2002 wọ́n kó kìló 48 kúrò ní Vinča ní Serbia. Àwọn orílẹ̀-èdè tó ní kìló kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú èròjà ohun ìjà ju 50 lọ ní 1992. Wọ́n ti di 22. Ìpàdé àwọn olórí orílẹ̀-èdè lórí ìṣọ́ èròjà yìí, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2010, parí ní 2016, Rọ́ṣíà ò sì wá sí èyí tó kẹ́yìn. Àjọṣe Rọ́ṣíà àti Amẹ́ríkà lórí ìṣọ́ náà ti dá dúró ní ọ̀pọ̀ jù lọ láti òpin 2014, ọwọ́ àwọn méjèèjì ni èyí tó pọ̀ jù nínú yùréníọ̀mù ohun ìjà ayé sì wà, tó ju ẹgbẹ̀rún kan tọ́ọ̀nù lọ, nínú àká ológun tí àwọn aṣàyẹ̀wò IAEA kì í wọ̀.